Ìwé ìfilọ̀ tó kú sínú àpò yúnífọ́ọ̀mù

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin tíṣà tó wà níbí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣìwà hù. Ata ni mò ń tà lọ́jà ní Òṣogbo. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS 2 nílé-ìwé girama ìjọba kan. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá mo gbé owó oúnjẹ tó gbàgbé sílé lọ fún un, ni mo bá pàdé àwọn òbí tí wọ́n ń tú jáde ní gbọ̀ngàn. Ìpàdé ti parí. Wọ́n ti fẹnu kò lórí owó lẹ́sìn, wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ WAEC ọdún tó ń bọ̀, èmi ò gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀. Tíṣà ní àwọn ti fi sórí WhatsApp. Fóònù tèmi, kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni. Ọmọ ní wọ́n fún òun níwèé, òun gbàgbé. Ọjọ́ kẹta tí mo fọ aṣọ rẹ̀ ni mo bá ìwé ọ̀hún nínú àpò, ó ti di ẹ̀kọ. Ta ni kí n bínú sí: ọmọ ni, tíṣà ni, àbí ara mi tí mi ò ra fóònù ńlá?

* * *

Ẹ má tíì na ọmọ. Mo ṣe tíṣà kíláàsì fún ọdún 14 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo sì jẹ akọ̀wé P.T.A., ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, fún mẹ́fà nínú rẹ̀. Mo mọ ọ̀nà tí ìwé yẹn gbà dé inú àpò, mo sì mọ ìdí tí kò fi jáde níbẹ̀.

Ìgbà tí ọmọ ti ń palẹ̀ báàgì mọ́ láti lọ sílé ni ọ̀gá ilé-ìwé máa ń rántí pé ìpàdé wà. Wọ́n á sáré tẹ ìwé, wọ́n á gbé e jáde lọ ṣe fọ́tókọ́pì lójú títì nítorí kò síná. Owó tó wà nílẹ̀ á tó àádọ́ta ẹ̀dà, bẹ́ẹ̀ ọmọ 74 ló wà ní kíláàsì. Kápítéènì kíláàsì á pín in bó ṣe wù ú. Àwọn tí kò kàn, wọ́n á ní "ẹ wí fún wọn nílé." Ẹni tó kàn á ká a sí mẹ́rin, á tì í bọ àpò, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kó tó dé ilé, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọmọ SS 2 kì í bẹ̀rù èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Bí ohun tó wà nínú ìwé bá tún jẹ mọ́ owó, tàbí mọ́ ìwà tí òun fúnra rẹ̀ hù, ẹ ti rán olè pé kó lọ pe ọlọ́pàá nìyẹn.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ̀yin yòókù kọ lẹ́yìn èyí. Ká kó o pọ̀, ọ̀pọ̀ yín ní kí ìyá yìí lọ ra fóònù pẹlẹbẹ, pé ayé ti kọjá ibi tí wọ́n wà. Ẹnì kan tilẹ̀ ní fóònù ọmọ ni kí wọ́n máa fi wo gúrúùpù. Ìyẹn ò bá mi lára mu rárá. Ilé-ìwé kan náà tó ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, tó ń tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ títí táàmù yóò fi parí, ló tún fẹ́ kí ọmọ máa fi fóònù ka ọ̀rọ̀ òbí fún òbí?

Àti pé ta ló sọ fún yín pé àwọn tó ní WhatsApp ń rí i?

Ọ̀pọ̀ tíṣà ni kì í fẹ́ gúrúùpù nítorí ariwo. Wọ́n á to nọ́ńbà gbogbo òbí pọ̀ sínú ìlà kan, ohun tí wọ́n ń pè ní broadcast, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé òbí tí kò bá fi nọ́ńbà tíṣà pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀ kò ní rí nǹkankan gbà. Àwọn òbí mélòó ló ń fi nọ́ńbà tíṣà ọmọ wọn pamọ́? Tíṣà á wá máa pariwo pé òun ti sọ ọ́, òbí á máa búra pé òun ò rí i, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ.

Gúrúùpù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Lọ́dún kan tí JAMB fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù SS 3 mi pé kí olúkúlùkù yẹ orúkọ ọmọ rẹ̀ wò lórí NIN, nítorí orúkọ tó bá wà lórí NIN ni JAMB máa gbé. Aago mẹ́sàn-án kọjá lálẹ́ ni mo kọ ọ́. Ọkàn mi balẹ̀, mo sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òbí kan ń ṣọjọ́ ìbí. Àdúrà rọ̀ bí òjò. Ẹnì kan gbé ànkárá wá tà. Ẹlòmíràn fi fídíò àlùfáà kan sí i, ẹlòmíràn ní kí wọ́n yọ ọ́, ìjà ẹ̀sìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ti lọ sísàlẹ̀ kànga.

Bàbá ọmọ kan ń wa ọkọ̀ láti Òṣogbo sí Èkó. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń ra dátà. Nígbà tí wọ́n máa rí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, lẹ́tà kan sì ti ṣìnà nínú orúkọ ọmọ wọn lórí NIN. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí àtúnṣe yẹn. Nígbà tí wọ́n wá bá mi ní sítáfù-rúùmù, mo ní, "Bàbá, mo ti fi sórí gúrúùpù o." Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ fi síbẹ̀. Ẹ ò sọ fún mi."

Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yà á sọ́tọ̀ lọ́kàn mi pé kíkéde yàtọ̀ sí sísọ fún èèyàn.

* * *

Àwọn tó ní kí á padà sí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, mo wà lẹ́yìn yín, nítorí kò sí fóònù tí kì í gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀.

Àkọ́kọ́, bí ilé-ìwé bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní rẹpẹtẹ, òbí tó ti fi 2442, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró, dí ojú ọ̀nà lè má rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò bá dá a lójú, kó tẹ STATUS ránṣẹ́ sí 2442. Èyí tí tíṣà bá fi fóònù ara rẹ̀ tẹ̀ kò ní ìṣòro yẹn, àmọ́ owó ni. Náírà 4 ni ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ó di náírà 6 ní 2025. Òbí 74 ní náírà 6, náírà 444 nìyẹn fún ìfilọ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe owó tó ń pa ilé-ìwé. Ó ń pa tíṣà tó ń tì í láti inú àpò ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù láti máa sọ. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà. Ẹ fi ẹ, ọ, ṣ kan ṣoṣo sínú rẹ̀ báyìí, 70 péré ló kù. Ìfilọ̀ tí ì bá wọ inú ọ̀kan á di méjì tàbí mẹ́ta, owó náà á di méjì tàbí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí àwọn tíṣà fi ń kọ Yorùbá ní ìhòòhò, kò sí àmì, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan mo tẹ̀ ẹ́ pé "Ki omo mu owo wa ni Monday." Owó ẹ̀dà ìwé ìdánwò ni mò ń sọ. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mọ́kànlá gbé ọwọ̀ wá. Ọwọ̀ tuntun, wọ́n fi okùn dì í dáadáa. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí ó ṣáà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ilé-ìwé wo ni kì í béèrè ọwọ̀?

* * *

Bí ọ̀rọ̀ èdè ṣe yọjú nìyẹn. Ọ̀gá kan tó ní òun jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé níbìkan ní ẹkùn Ìjẹ̀ṣà ní, òun kọ ìwé ìpàdé ní Yorùbá nígbà kan, òbí méjì sì wá fi ẹ̀sùn kàn òun: "Ṣé púrúǹtù lẹ pè wá ni?" Ó ní láti ọjọ́ náà Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń kọ.

Ẹ̀gbọ́n, òbí méjì bínú, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àwọn yòókù? Mo ti rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọkùnrin, JSS 3. A kọ ìwé pé ọmọ náà ti sá ní kíláàsì fún ọjọ́ mẹ́jọ, kí alágbàtọ́ rẹ̀ wá. Ìwé dé ilé, àní ó dé. Ta ló kà á fún ìyá àgbà? Ọmọ náà ni. Ó kà á jáde fàlàlà pé ilé-ìwé ń fẹ́ ₦2,000 owó ìwé ìṣirò. Ìyá tú ìdí ìró, wọ́n ka owó fún un. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo pàdé wọn níbi ìsọmọlórúkọ, tí mo ní, "Ìyá, ẹ ò dá wa lóhùn." Wọ́n ní, "Ṣé owó yẹn ò pé ni?"

Ohun tí mo ṣe láti ìgbà náà kò le: Yorùbá lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ ojú yòówù kó kà. Mo sì máa ń fi ohùn ara mi kà á sílẹ̀ lórí WhatsApp, kò ní kọjá ìṣẹ́jú kan. Ohùn ni àwọn ìyá ọjà ń gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ata. Wọ́n tilẹ̀ máa ń ṣí i kí àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn náà gbọ́, èyí ni mi ò retí.

* * *

Mo fẹ́ kúrò lórí fóònù díẹ̀, nítorí ó jọ pé a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nọ́ńbà ta ló wà nínú fáìlì?

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní JSS 1 ló ṣì wà níbẹ̀ ní SS 3. Nígbà kan mo jókòó pẹ̀lú rẹ́jísítà, mo pe gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní mẹ́wàá tí kò lọ mọ́. Ọ̀kan, ọlọ́kadà kan ló gbé e, kò mọ ọmọ náà rí. Ọ̀kan, bàbá ọmọ ni, Líbíà ló wà. Ọ̀kan tún jẹ́ ti bàbá tó ti kú láti ọdún kan sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń lo síìmù náà, ó sì ń sọkún nígbà tí mo dárúkọ ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo ti ń fi ìwé ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí òkú fún odidi ọdún kan.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bí ọmọ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹni tó ń tọ́ ọ. Ìyá àgbà ni, àǹtí ni, ọ̀gá tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé ni. Ẹni tó ń wo ojú ọmọ láàárọ̀ kó tó jáde, òun ni kí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ń bi ọmọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gbogbo sáà: "Ta ló se oúnjẹ tí o jẹ lánàá?" Orúkọ tó bá jáde, mo fẹ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹnì kan ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà. Kì í ṣe é lóòótọ́. Ẹ sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà fún mi, màá gbé e fún un.

* * *

Nípa ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ fún wa gan-an: bàbá kan kọ ọ́ pé ìgbà tí ọmọ òun bá ti jẹ̀yà tán ni òun ń gbọ́ òfin. Òótọ́ ni, ó sì jìnnà ju ọ̀rọ̀ irun dídì tí ẹ ń jà lé lórí lọ. (Irun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a lo ọ̀sẹ̀ yìí lórí ṣùkú àti kojúsọ́kọ. Mi ò rí ọmọ tí irun rẹ̀ dá a padà nínú ìṣirò rí.)

Ẹ gbọ́ èyí tó ń dùn mí. Nílé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, nínú 100, tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ kíláàsì àti iṣẹ́ àṣetiléwá ló ń kó 40. Ìdánwò ìparí sáà kó 60. Òbí tó ń pariwo "kàwé, ìdánwò ti dé" ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá kò mọ̀ pé 40 ti lọ tàbí ti bọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Bí a bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin pé "tẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Ajé", ó wúlò ju ìwé èsì aláràbarà tí ẹ ń fi bébà dídán tẹ̀ ní ìparí sáà lọ.

Yíyàn kíláàsì ní SS 1 tún burú ju ìyẹn lọ. Mo ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n ń pín wọn, sáyẹ́ǹsì ti kún, wọ́n sọ ọ́ sí kíláàsì àwọn oníṣẹ́-ọnà. Ìyá rẹ̀ rò pé kíláàsì ni kíláàsì ń jẹ́. SS 3, níbi tí a ti ń yan ẹ̀kọ́ mẹ́rin fún JAMB, ni ìyá wá gbọ́ pé wọ́n ń béèrè Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, tí ọmọ òun kò ṣe èyíkéyìí níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ìfilọ̀ olójú-ìwé kan ní JSS 3 ì bá ti gbà á là.

Bákan náà ni èsì WAEC. A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8, wọ́n á ní ọmọ yege, ṣùgbọ́n yunifásítì ń wá kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, Ìṣirò náà sì jẹ́ dandan fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ka. Bàbá kan pa àgbò fún D7 nínú ìṣirò. Mo jẹ nínú ẹran náà, kí n má purọ́. Ta ni yóò la irú ẹ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

* * *

Ẹni tó ní rédíò ti tó fún gbogbo rẹ̀: rédíò dára fún ohun tó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, nígbà tí ìjọba Gómìnà Oyetola fagi lé yúnífọ́ọ̀mù kan náà tí ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá tó ṣáájú rẹ̀ gbé wọ gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Ọ̀ṣun. Rédíò ni a ti gbọ́ ọ. Àmọ́ rédíò ò lè sọ fún ọ pé àwọ̀ wo ni ilé-ìwé tìrẹ padà sí, tàbí ìgbà tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọmọ tí kò tíì rán tuntun padà sílé. Télọ̀ mọ̀ kí òbí tó mọ̀. Àwọn kan rán èyí tí kì í ṣe é.

Oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, kòrónà ti ilé-ìwé pa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn tó fẹ́ jáde padà wá ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, kí WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, a ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ọmọ tó ti fọ́n káàkiri jọ. Ọ̀kan ti ń kọ́ wẹ́dà ní Ìkìrun. Ọ̀kan ti bá ìyá rẹ̀ lọ sóko ní ẹ̀yìn Ifẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Ẹ mọ ohun tó kó wọn jọ? Ìkéde mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, àti ìyálọ́jà. Mo kọ ọ́ sí pélébé ìwé, mo gbé e lọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gúrúùpù WhatsApp ń jà lórí oògùn kòrónà ní gbogbo àkókò yẹn.

* * *

Ó ku nǹkan méjì tí mo fẹ́ tako, kí n tó lọ fún ọmọ lóúnjẹ.

Ẹnì kan ní fífi orúkọ àwọn òbí tó jẹ gbèsè sórí gúrúùpù ló ń jẹ́ kí owó wọlé. Owó á wọlé, òbí á jáde. Ẹni tí ẹ bá dójú tì lórí gúrúùpù yóò kúrò níbẹ̀, kò sì ní rí ìfilọ̀ tó kàn. Ẹ pè é lóun nìkan.

Èkejì ni àwọn tó ń sọ pé òbí ti máa ń da ọ̀rọ̀ rú jù, pé ká má sọ ohun gbogbo. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ HPV fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni. Nílé-ìwé kan tí mo mọ̀, àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì dé ni wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́ sílé. Àhesọ ti ṣáájú ìwé: wọ́n ní kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ. Kó tó di aago mọ́kànlá, àwọn ìyá ti kún ẹnu géètì, ẹlòmíràn gbé igi ìdáná lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì padà lọ. Wọ́n wá pe ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan fi Yorùbá ṣàlàyé, ó jẹ́ kí wọ́n béèrè gbogbo ìbéèrè, títí kan àwọn tó tini lójú. Àwọn ìyá kan náà ló fà ọmọ wọn lọ́wọ́ wá. Sísọ kọ́ ló dá rúkèrúdò sílẹ̀, pípẹ́ kí wọ́n tó sọ ni.

* * *

Fún ẹni tó ní ká wo bí Òyìnbó ṣe ń ṣe é: àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ rẹ̀ méjì wà ní ilé-ìwé girama. Áàpù mẹ́ta ló wà lórí fóònù rẹ̀: ọ̀kan fún owó oúnjẹ, ọ̀kan fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ọ̀kan fún ìwà àti wíwá sílé-ìwé. Í-méèlì tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ìró ìfilọ̀ ń dún bí agogo ìjọ Kérúbù, òun kì í gbọ́ ọ mọ́. Ọjọ́ tí gbogbo ọmọ wọ aṣọ ilé lọ, tirẹ̀ nìkan ló wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Ibi tí mo ti yìn wọ́n ni pé wọ́n ń kọ ohun tí yóò ná ọ sílẹ̀ kí o tó ṣe é. Nígbà tí ó fẹ́ kó àwọn ọmọ wálé fún ìsìnkú bàbá wa láàárín sáà, ó ti wà lójú ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀: láti oṣù kẹjọ 2024, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ bá pa ọjọ́ márùn-ún jẹ láìgbàṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n lè bu owó ìtanràn £80 lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí kò san án, ó di £160. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé, ó tọrọ àyè, wọ́n fún un lọ́jọ́ mẹ́ta. Bó ṣe dé lọ́jọ́bọ̀ ló ti ń ka ọjọ́. Inú bí àwọn ẹbí, wọ́n ní Òyìnbó ti gba orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kúkú mọ ibi tí òun dúró sí.

* * *

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, mo gbọ́ ẹkún yín. Òbí tó ń pè ní aago mọ́kànlá òru láti béèrè bóyá ọ̀la jẹ́ ọlidé, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbé ìpè rẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí. Mo gbé e. Mi ò gbé irú rẹ̀ mọ́. Aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé mi, mo sì ń gbé gbogbo ìpè tó bá wọlé láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀la. Wọ́n bínú fún sáà kan, ó mọ́ wọn lára.

Ẹ sì máa pè wọ́n fún ohun rere nígbà mìíràn, ẹ jọ̀ọ́. Mo pe bàbá ọmọ kan láti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ gba 17 nínú 20. Kó tó dá mi lóhùn, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Wọ́n ti pè o. Kí ló tún ṣe?"

* * *

Ìyá aláta, ó dọwọ́ yín. Ẹ lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ tí kò sí ìjà, ní aago méjì. Ẹ béèrè tíṣà kíláàsì, kì í ṣe ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà yín sínú rẹ́jísítà níṣojú yín, kí wọ́n sì fi "kò sí WhatsApp" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ yín láago kí fóònù yín dún. Ẹ wá òbí kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tiyín. Òun ni kó máa gbọ́ gúrúùpù fún yín. Ní ti owó lẹ́sìn tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìpàdé hàn yín. Akọ̀wé P.T.A. gbọ́dọ̀ ní in. Bí kò bá ní in, ẹ má san án títí yóò fi ní in.

Ọmọ yẹn, ẹ lè ní kó fọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

* * *

ÌYÁ ALÁTA PADÀ WÁ

Ẹ ṣeun o, tíṣà. Mo lọ. Wọ́n kọ nọ́ńbà mi, fóònù dún níwájú wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé lónìí, àbúrò mi ló kà á fún mi: "Ipade obi Ojobo aago 10. E mu owo wa." Mo fẹ́ bi yín, owó ni àbí ọwọ̀?

* * *

Mi ò mọ̀, ìyá. Nọ́ńbà wọn ló wà lókè rẹ̀ yẹn. Aago méjì ku díẹ̀ báyìí, ẹ pè wọ́n.